Ìgbálẹ̀ Mi àti Bọ̀dá Awòòrùn

Ọjọ́ Ẹtì, 2 Jánúárì 2026

Ẹ̀gbọ́n mi Andrew ló fi ìwé yìí ṣe ẹ̀bùn ìgbéyàwó fún mi. Àwọn èèyàn gbé kúlà àti abọ́ wá, òun gbé ìwé. Ó ní, "Martha, ohun tí ẹnu rẹ ò bá lè sọ nílé ọkọ, máa kọ ọ́." Ó mọ̀ mí. Ọdún kejì ní sẹ́kọ́ńdìrì ni mo ti dúró, ṣùgbọ́n mo lè kọ Yorùbá dáadáa. Ọpẹ́ ni fún tíṣà Sọ́ńdè Sùkúù.

Òní ló pé ogún ọjọ́ tí mo wọ ilé yìí ní Kàbà. Ọmọ Ayewa ni mí, ọmọ Bùnù. Bí mo bá la ẹnu, wọ́n á ní ohùn mi ń gòkè níbi tó yẹ kó ti sọ̀ kalẹ̀. Nítorí náà, n kì í la ẹnu púpọ̀.

Àwa mẹ́rin là ń gbé ibí. Ọkọ mi, ìyá rẹ̀ tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, àbúrò rẹ̀ Mary, àti èmi. Ọkọ mi ń jẹ́ Olúbọ̀dé. (Orí ìwé nìkan ni mo ti lè pe orúkọ yìí. Mo tún un kọ: Olúbọ̀dé. Ó dùn.) Ó máa ń bá àwọn èèyàn de sólà mọ́ orí ilé. Mary kéré sí mi ní ọdún méjì, ṣùgbọ́n ó ti wà nílé kí n tó dé, nítorí náà n kò gbọ́dọ̀ pe orúkọ rẹ̀, "ẹ" sì ni mo ń fi bá a sọ̀rọ̀. Ìyàwó ló ń fún ará ilé ọkọ lórúkọ tí yóò máa pè wọ́n. Mo sọ ọ́ ní Àǹtí Abẹ́rẹ́. Ó rò pé nítorí pé télọ̀ ni òun. Kó máa rò bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé mi, "ó" ni mo ń pè é.

Ẹnì karùn-ún tún wà. Orí òpó búlọ́ọ̀kù láàárín àgbàlá ló wà, funfun, kò ju garawa kékeré lọ, dígí roboto kan ní iwájú rẹ̀. Ẹ̀rọ ni. Àwọn yunifásítì ló gbé e wá ní Oṣù Kẹsàn-án, ọkọ mi ló sì ń tọ́jú rẹ̀ fún wọn. Láti àárọ̀ ni yóò ti tẹjú mọ́ oòrùn, yóò máa yí ọrùn tẹ̀ lé e títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Oṣù Kẹsàn-án. Èmi, Oṣù Kejìlá. Ó ti wà nílé kí n tó dé.

Ẹ̀gbọ́n ni. Mo sọ ọ́ ní Bọ̀dá Awòòrùn. Nígbà tí ẹnikẹ́ni ò wò mí láàárọ̀ yìí, mo kúnlẹ̀ kí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3 Jánúárì

Kí a tó jáde lọ sí Ayewa ní ọ̀sán yìí láti kí ìyá mi, mo bi ọkọ mi ní ohun tí ẹ̀rọ yẹn ń wá lójú oòrùn. Ó mú síídì àtijọ́ kan, ó yí i síbi ìmọ́lẹ̀. Àwọ̀ bí òṣùmàrè tú jáde — pupa, yẹ́lò, àwọ̀ ewé, búlúù. Ó ní ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe nìyẹn, ó ń tú ìmọ́lẹ̀ oòrùn sí wẹ́wẹ́. Ó ní ohun gbogbo tó wà nínú afẹ́fẹ́ ló ní ibi tó ń jẹ lára ìmọ́lẹ̀. Eruku ní tirẹ̀, èéfín ní tirẹ̀, ooru omi ní tirẹ̀. Ẹ̀rọ a wo ibi tó dín, a mọ ẹni tó jẹ ẹ́.

Mo ní bí ìkòkò ọbẹ̀ ni. Bí mo bá ṣí ìkòkò tí ẹja dín, Àǹtí Abẹ́rẹ́ ni. Bí pọ̀nmọ́ bá dín —

Ó ní kí n má parí ọ̀rọ̀ yẹn.

Ọjọ́ Àìkú, 4 Jánúárì

A ti dé láti Ayewa, ìrọ̀lẹ́. Ìyá mi ṣì ń wọ́n omi sílẹ̀ kí wọ́n tó gbálẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe láti kékeré mi. Mo rẹ́rìn-ín. Ní Kàbà, láàárín ọyẹ́ yìí, ta ni yóò da omi sílẹ̀? Ibi tí a ti ń pọn ọ́n jìnnà.

Ọkọ mi wo fóònù rẹ̀, níbi tí ẹ̀rọ máa ń fi ìlà iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí; bí ìmọ́lẹ̀ bá dín, ìlà á wálẹ̀. Ó ní àárọ̀ òní mọ́ gan-an, òun ò mọ ìdí. N kò mọ̀ pé àárọ̀ yòókù ò mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 Jánúárì

Dókítà Emmanuella, ọ̀gá ẹ̀rọ ní yunifásítì, pe ọkọ mi lórí fóònù nígbà tí à ń jẹ iyán. Gbogbo wa gbọ́. Wọ́n ní láti àárín Dìsẹ́ńbà ni ẹ̀rọ Kàbà ti ń kọ eruku rẹpẹtẹ láàárọ̀, tó bá di ọ̀sán a mọ́. Wọ́n ní bó bá jẹ́ ọyẹ́ ni, ẹ̀rọ kejì wọn tó wà ní Ègbẹ̀ yóò rí i pẹ̀lú, kò sì rí nǹkan kan. Ọjọ́ wo gan-an ló bẹ̀rẹ̀? Wọ́n ní láti ìkẹrìnlá.

Àǹtí Abẹ́rẹ́ ka ìka. Ó ní, "Ìkẹtàlá la gbé ìyàwó wọlé. Áà, ìyàwó, ẹsẹ̀ yín lẹ́rùpẹ̀ o."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. N kò jẹ iyán mi tán.

Ọjọ́rú, 7 Jánúárì

Jẹ́ kí n kọ nípa ìgbálẹ̀ mi, kí inú mi lè dùn díẹ̀.

Nílé yìí, ìyàwó tuntun ló ń gba àgbàlá ní ìdájí, láti ojú sàréè Bàbá níwájú títí dé ẹ̀yìn ilé ìdáná, ọdún kan gbáko. Kí n tó dé, Àǹtí Abẹ́rẹ́ ló ń gbá a ní ìrọ̀lẹ́ tó bá ti ṣọ́ọ̀bù dé. Ní nǹkan bí agogo mẹ́fà, ọkọ mi á fi aṣọ múlọ́múlọ́ nu dígí Bọ̀dá, á gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Èmi á bẹ̀rẹ̀. Ṣaa, ṣaa, ṣaa. Kí oòrùn tó yọ lókè ọ̀pẹ, mo ti parí. Ọkọ mi á dé lọ́sàn-án wá jẹun, á tún dígí nù.

Màmá kì í jáde wá wò. Wọ́n ń gbọ́ ọ láti orí ibùsùn. Lánàá wọ́n kí mi ní kíkí ilẹ̀ wa, wọ́n ní, "Ìyàwó, òkun o. Ìgbálẹ̀ rẹ máa ń sọ̀rọ̀ ju ìwọ fúnra rẹ lọ, ó sì ń sọ ọ̀rọ̀ gidi."

Kò tíì sí ẹni tó yìn mí báyìí nílé yìí. Mo ń gbé ọ̀rọ̀ náà kiri bí owó tuntun.

Ọjọ́bọ̀, 8 Jánúárì

Mo ronú pé bóyá ẹsẹ̀ òpó Bọ̀dá ló dọ̀tí. Mo gbá ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, mo fi igi ha kọ̀rọ̀ rẹ̀, ó mọ́ bí abọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 9 Jánúárì

Ọkọ mi ní àná ló burú jù láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti dé. Mo tún gbá ẹsẹ̀ òpó lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

Ọjọ́ Àìkú, 11 Jánúárì

Dókítà tún pè lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ọ̀rọ̀ bá wà báyìí, wọ́n á wá gbé ẹ̀rọ ní ọjọ́ kẹrìnlélógún, wọ́n á lọ gbé e sí ọgbà ilé-ìwé kan ní Ekinrin-Adde. Tíṣà ibẹ̀ ni yóò máa tọ́jú rẹ̀.

Ọkọ mi ní kò burú. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n mo mọ bó ṣe ń nu dígí yẹn, bí ẹni ń nu ojú ọmọ. Ó kọ́kọ́ fẹ́ ka ìwé nípa iná mànàmáná, bàbá rẹ̀ kú, kò lè lọ. Ẹ̀rọ yìí ni yunifásítì tó wá bá a nílé. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi ní ọ̀sẹ̀ tí a fẹ́ra.

Àǹtí Abẹ́rẹ́ ní, "Bí wọ́n bá gbé e lọ, a ó máa fi òpó yẹn sá aṣọ ìyàwó." Màmá ní kó fi ìyàwó àwọn sílẹ̀. Wọn ò fi ìbínú sọ ọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n wo ẹsẹ̀ mi.

Mo rí i. Wọ́n wo ẹsẹ̀ mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13 Jánúárì

Ibà. N kò lè dìde. N kò gbálẹ̀.

Ọjọ́rú, 14 Jánúárì

Ibà ṣì ń bẹ. Màmá se àgbo, ó korò dé àtẹ́lẹsẹ̀. Àǹtí Abẹ́rẹ́ gbálẹ̀ fún mi ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tó dé, ó sì mú ọsàn wá. Nínú gbogbo ẹ̀gún yẹn, àánú wà.

Ọjọ́bọ̀, 15 Jánúárì

Ó sàn díẹ̀. Wọn ò jẹ́ kí n dìde.

Ọjọ́ Ẹtì, 16 Jánúárì

Mo ti dìde. Màmá ní ó di ọ̀la kí n tó mú ìgbálẹ̀.

Ọkọ mi wọlé ní ọ̀sán pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, ó ń jó. Ìṣẹ́gun mọ́, Ọjọ́rú mọ́, Ọjọ́bọ̀ mọ́, àárọ̀ òní mọ́. Ìlà náà ga ó sì tẹ́ bí ti Ègbẹ̀. Ó gbé mi yí ká nílé ìdáná. Àǹtí Abẹ́rẹ́ jókòó, ó ń gé òwú, ó ní, "Ẹ ò rí i? Nígbà tí ìyàwó wà lórí ibùsùn ni ẹ̀rọ tó ríran."

Ẹ̀rín tún sọ. N kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Mo lọ sí yàrá, mo ṣí ìwé yìí.

Ìṣẹ́gun — n kò gbálẹ̀. Ọjọ́rú — ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n gbá a. Ọjọ́ kẹrin oṣù tó mọ́ láìnídìí — Ayewa ni mo sùn. Ọjọ́ kẹjọ tó burú jù — mo gbá ẹsẹ̀ òpó lẹ́ẹ̀mẹta.

Mo kà á títí. Mo fi ìka tẹ̀ lé e.

Wọ́n ní ẹ̀rọ máa ń wo ibi tó dín, a mọ ẹni tó jẹ ẹ́. Ẹni tó ń jẹ ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ nílé yìí, èmi ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17 Jánúárì

Mo fẹ́ mọ̀ dájú. Ọkọ mi nu dígí, ó lọ. Mo wò ó dáadáa kí n tó bẹ̀rẹ̀, ó ń dán. Mo gbálẹ̀ bí mo ṣe ń gbá a. Mo tún padà lọ wò ó. Kò dán mọ́ — eruku fúlẹ́fúlẹ́, pupa rẹ́súrẹ́sú, ó bo ojú Bọ̀dá bí lẹ́búlẹ́bú.

Ó ń gbìyànjú láti rí oòrùn, èmi ń da erùpẹ̀ sí i lójú. Láràárọ̀. Pẹ̀lú ìtara.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ máà bínú, sà."

Ọjọ́ Ajé, 19 Jánúárì

Mo rántí ìyá mi. Mo tọ́jú omi tí mo fi ṣan ìrẹsì lánàá àti èyí tí mo fi fọ abọ́, mo wọ́n ọn sílẹ̀ kí n tó gbá. Ilẹ̀ mu ún, eruku sùn. Ìgbálẹ̀ kò ké ṣaa mọ́, ó ń ké fẹ́ẹ́.

Dígí ń dán. Ọkọ mi ní àárọ̀ mọ́.

Màmá ní, "Ìyàwó, ṣé ara rẹ ò tíì yá ni? N kò gbọ́ ọ láàárọ̀."

Mo ní ara mi ti yá, mà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 Jánúárì

Èrò mi nìyí: n óò máa wọ́n omi, ẹ̀rọ á máa mọ́, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Kí ló dé tí n óò fi sọ fún Àǹtí Abẹ́rẹ́ pé òdodo ni ó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́?

Ìrọ̀lẹ́: Dókítà ti fi ohùn ránṣẹ́. Wọ́n ń bọ̀ wá gbé e ní Àbámẹ́ta síbẹ̀. Ọkọ mi ní ṣebí ó ti mọ́. Wọ́n ní ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù ba àwọn. Ẹ̀rọ tó ń ṣàìsàn, tó tún yá láìsí ẹni tó mọ ohun tó ṣe é, àwọn ò lè fọkàn tán ọ̀rọ̀ rẹ̀. Gbogbo àárọ̀ láti Dìsẹ́ńbà títí di òní, àwọn óò dà á nù. Àyàfi bí ẹnìkan bá lè sọ ìdí.

Ẹnìkan lè sọ ìdí.

Ọjọ́bọ̀, 22 Jánúárì

Mo fẹ́ sọ fún ọkọ mi lórí oúnjẹ. Mo ní, "Ẹ gbọ́." Ó ní, "Mò ń gbọ́." Mo ní, "Ẹ fẹ́ kí n fi ata kún un?"

Mo lọ sọ fún Bọ̀dá Awòòrùn. Gbogbo rẹ̀, láti orí dé ìdí. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa. Ó yí ọrùn díẹ̀. Oòrùn ló ń tẹ̀ lé, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ó tù mí nínú.

Ọjọ́ Ẹtì, 23 Jánúárì

Ọkọ mi nu dígí lẹ́ẹ̀mẹta lónìí. Kò sí ohun tó wà níbẹ̀ láti nù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24 Jánúárì

N óò kọ gbogbo rẹ̀.

Agogo mẹ́sàn-án ni ọkọ̀ fáànù yunifásítì dé. Tájù ló wà á, ọmọ Kàbà níbí, ẹnu rẹ̀ ò dúró. Dókítà Emmanuella kúrú, wọ́n wọ bàtà rọ́bà, wọ́n kúnlẹ̀ kí Màmá bí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n bọ ọkọ mi lọ́wọ́. Wọ́n ní ó dun àwọn. Tájù mú sípánà, ó gun àga, ó ní, "Ẹni tó gbé e gòkè nígbà yẹn lágbára o, nọ́ọ̀tì yìí bí ẹni tó ti gbéyàwó níbí." Nọ́ọ̀tì kìíní jáde. Ọkọ mi yíjú sí ògiri, ó ń wo ibi tí kò sí nǹkan kan.

Ibẹ̀ ni ẹnu mi là.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tú u. Èmi ni."

Ohùn mi gòkè níbi tó yẹ kó ti sọ̀ kalẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Tájù dúró lórí àga pẹ̀lú nọ́ọ̀tì lọ́wọ́. Mo ní ìgbálẹ̀ mi ló ń da eruku sí i lójú, ní ìdájí, lẹ́yìn tí ọkọ mi bá ti nu ún tán. Mo ní láti ọjọ́ kejì tí mo wọlé ni. Mo ní òótọ́ ni Àǹtí Abẹ́rẹ́ ń sọ, èmi ni mo gbé eruku wá. Mo ń wo ilẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo ń sọ ọ́, nítorí náà n kò mọ bí ojú wọn ṣe rí.

Dókítà bi mí báwo ni mo ṣe mọ̀. Wọn ò béèrè bí ọlọ́pàá, wọ́n béèrè bí ẹni tí ebi ìdáhùn ń pa. Mo sáré gbé ìwé yìí. Mo ṣí i fún wọn, mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo ibi tí mo kọ nǹkan sí nípa àwọn èèyàn. Wọ́n gbé fóònù wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ń ka ọjọ́, wọ́n ń wo ìlà. Ọjọ́ kẹrin. Ọjọ́ kẹjọ. Ìkẹtàlá. Wọ́n ń mí kíkankíkan. Wọ́n bi mí ta ni Bọ̀dá Awòòrùn. Mo nàka sí ẹ̀rọ.

Tájù fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga.

Wọ́n ní kí Tájù dá nọ́ọ̀tì padà. Wọ́n nu dígí fúnra wọn, wọ́n ní, "Ìyàwó, ẹ gbálẹ̀ bí ẹ ṣe ń gbá a tẹ́lẹ̀." Níwájú gbogbo ènìyàn. Ní ojúmọmọ gbangba. Mo mú ìgbálẹ̀. Ṣaa, ṣaa. Dókítà gbé fóònù sókè kí gbogbo wa lè rí i, ìlà náà ń wálẹ̀, ń wálẹ̀, bí ẹni ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Wọ́n tún dígí nù. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n lọ mú omi ìfọbọ́. Mo wọ́n ọn, mo gbá a. A dúró. Ìlà náà tẹ́ pẹrẹsẹ, kò mira.

Adìyẹ kan ké lẹ́yìn ilé.

Màmá ló kọ́kọ́ la ẹnu. Wọ́n ní, "Nítorí náà ni n kò ṣe gbọ́ ọ mọ́ láàárọ̀. Mo rò pé ìyàwó mi ti ń ṣọ̀lẹ." Wọ́n yíjú sí Dókítà: "Ẹ wá sọ fún mi, ìgbálẹ̀ ọmọ yìí, ó dé ojú oòrùn?"

Dókítà ní ó dé ibẹ̀ dáadáa, mà.

Màmá ní àwọn ò tíì gbọ́ ti ìyàwó kankan ní Kàbà tó gbálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ọkọ mi gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó gbé e ti ògiri jẹ́ẹ́jẹ́ bí ohun tó lè fọ́. Nígbà náà ni mo rí ojú rẹ̀. N kò ní kọ bó ṣe rí. Tèmi ni.

Wọn ò gbé ẹ̀rọ lọ. Dókítà ní àwọn ò ní da oṣù náà nù mọ́. Fún Jánúárì, ìwé mi ti sọ àárọ̀ tí àwọn lè gbà gbọ́ àti èyí tí àwọn óò yọ. Dìsẹ́ńbà tí n kò kọ, àwọn ti mọ ohun tó ń ṣe é báyìí. Wọ́n fi fóònù ya àwòrán àwọn ojú ewé náà, àtẹ́lẹwọ́ mi náà bọ́ sínú àwòrán.

Àǹtí Abẹ́rẹ́ dúró ti ẹnu ọ̀nà títí fáànù fi lọ. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ìyàwó. Kí lẹ kọ nípa mi nínú ìwé yẹn tí ẹ fi ń bò ó?"

Mo ní mo kọ pé ó mú ọsàn wá nígbà tí mo ní ibà.

Ó ní, "Ìyẹn nìkan?"

Mo ní, "Mo kọ pé ẹ mọ iṣẹ́ abẹ́rẹ́."

Ọjọ́ Àìkú, 25 Jánúárì

Mo jáde ní ìdájí láti wá omi ìfọbọ́. Garawa omi tútù kan wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó kún dé ẹnu, wọ́n fi àwo bò ó kí eruku má bàa wọ ibẹ̀. Ẹni tó pọn ọ́n kò sọ fún mi. Ṣùgbọ́n ipasẹ̀ sílípáàsì Màmá wà nílẹ̀, tí n kò tíì gbá.

Mo fi ipasẹ̀ yẹn sílẹ̀. N kò gbá a.

Ọjọ́rú, 28 Jánúárì

Dókítà ní kí n máa kọ ọ́ lójoojúmọ́ fún àwọn: agogo tí mo gbálẹ̀, ìgbà tí èéfín gààrí bá ń ti ẹ̀yìn ilé wá, ìgbà tí wọ́n bá ń sun oko lápá Ìkòyí tó wà nítòsí wa níbí. Wọ́n fi ìwé tuntun ránṣẹ́. Mo fi ìyẹn sí orí tábìlì kí gbogbo ayé máa kà á. Èyí wà lábẹ́ aṣọ mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 Fẹ́búárì

Tájù tún dé lánàá, pẹ̀lú ẹ̀rọ kejì. Ó kéré ju ti àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ mẹ́ta, àwọ̀ eérú. Ti èéfín ni yóò máa wá ní tirẹ̀. Dókítà ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ilé yìí ni wọ́n ti ń kọ̀wé, ibí ni kó wà. Ọkọ mi de é mọ́ ẹ̀gbẹ́ Bọ̀dá Awòòrùn, ó ń súfèé.

Mo dá nǹkan kan rò nígbà tí mo ń wò ó. Mo ka oṣù. Dìsẹ́ńbà, Jánúárì, Fẹ́búárì. Mo tún un kà.

Ẹ̀yìn mi ló dé.

Nínú gbogbo ohun tó wà nílé yìí, títí kan adìyẹ, òun nìkan ló bá mi níbí. N kò nílò láti fi orúkọ mìíràn pè é. N kò nílò "ẹ". Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ, orúkọ gidi, bí ọmọ: Ìyanuolúwa.

Láàárọ̀ yìí mo wọ́n omi, mo gbálẹ̀, mo kúnlẹ̀ kí Bọ̀dá. Mo dìde, mo gbọn erùpẹ̀ orúnkún mi, mo dojú kọ ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo sọ ọ́ sókè, kedere, pẹ̀lú ohùn Bùnù mi: "Ìyanu. O ò mọ̀ pé ó yẹ kí o kí ẹni tí o bá nílé?"

Màmá gbọ́ láti orí ibùsùn. Mo gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ojú fèrèsé. Wọ́n ní, "Máa kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́, ìyàwó. Má jẹ́ kó yájú sí ọ."